Ọ̀wọ̀ Di Owó: Ohun tí Mo Kọ́ ní Ilé Ìtẹ̀wé

Ìbéèrè kan wà tí ó dá mi lójú pé kò sí ẹnì kan nínú àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì tí wọn kò tí ì bi í rí. Bí a bá lọ sílé ní àsìkò ìsinmi, tí àlejò bàbá wa bá bèèrè irú ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́, tí a sì dáhùn pé Yorùbá ni, àlejò náà yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò wo bàbá wa lójú, yóò wá sọ pé, 'Ó dára o. Kí ni o wá fẹ́ fi Yorùbá ṣe?' Bàbá tèmi kì í tilẹ̀ dúró de àlejò kí wọ́n tó bi mí. Kí n má purọ́, èmi pàápàá kò ní ìdáhùn gidi kan lẹ́nu títí di ọdún 2022. Kì í ṣe inú kíláàsì ni mo ti rí ìdáhùn náà. Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Aradagun ni mo ti rí i, ojú sì tì mí gidigidi kí n tó rí i.

Bí ènìyàn bá gba títì márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì, yóò kan Aradagun kí ó tó wọ ìlú Àgbádárìgì gan-an. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà lọ sí Iworo àti Ajido. Àwọn Ògù, tí àwa Yorùbá ń pè ní Ègùn, àti àwọn Àwórì ni onílẹ̀ ní agbègbè náà, ṣùgbọ́n onírúurú ènìyàn tí owó ilé ní Èkó ti kọjá agbára wọn ti wá kọ́lé síbẹ̀. Àwọn òbí mi wà lára wọn. Ẹ má bínú pé n kò fi àmì ohùn sórí orúkọ Aradagun àti àwọn ìlú tí wọ́n wà nítòsí rẹ̀. Bí wọ́n ti kọ wọ́n sára pátákó ẹ̀bá títì ni mo ṣe kọ wọ́n. Ilé ìtẹ̀wé ni ó kọ́ mi pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú díwọ̀n àmì sórí orúkọ onílé.

Ní ọjọ́ 14, oṣù kejì, ọdún 2022, ẹgbẹ́ ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí gbogbo wa mọ̀. Oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n tó dá a dúró. Nígbà tí mo ti jókòó sílé fún oṣù kan gbáko, bàbá mi ní ọwọ́ tí ó dilẹ̀ ni èṣù ń bẹ̀ níṣẹ́. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ó ní ilé ìtẹ̀wé ní ẹ̀bá títì. Ọmọ Ògù ni ọkùnrin náà, ẹni bí ọdún 45, tí ó ti kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé fún ọdún mẹ́ta ní Ṣómólú kí wọ́n tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un. N kò ní dárúkọ wọn níhìn-ín. Ọ̀gá ni mo ń pè wọ́n, Ọ̀gá náà ni n ó máa pè wọ́n. Wọn kò gba owó ìkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Àdéhùn wa ni pé n ó máa bá wọn tẹ ọ̀rọ̀ sórí kọ̀ǹpútà, wọn yóò sì máa fún mi ní owó oúnjẹ. Orúkọ tí wọ́n fún mi ni Ọmọ Yunifásítì.

Kọ̀ǹpútà méjì ni ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, pẹ̀lú ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ńlá kan, ẹ̀rọ tí a fi ń gé bébà, èyí tí a fi ń fi ike bo ìwé, àti jẹnẹrétọ̀ tí kì í sinmi. Iṣẹ́ kékeré ni a ń parí níbẹ̀. Èyí tí ó bá pọ̀, tàbí tí ó bá ní àwọ̀ púpọ̀, a ó gbé e lọ sí Ṣómólú, níbi tí ilé ìtẹ̀wé ti fara kan ilé ìtẹ̀wé. A ó wọ ọkọ̀ dé Máìlì Tú, a ó tún wọ òmíràn, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá sì wà ní títì, ọjọ́ ti lọ nìyẹn.

Èmi tí mo rò pé títẹ ọ̀rọ̀ nìkan ni mo wá ṣe, mo rí i pé iṣẹ́ náà jinlẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n so mọ́ra. Àkọ́kọ́ ni èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní gíráfíìkì, ìyẹn ni títo ọ̀rọ̀ àti àwòrán sójú ìwé kí ó lè wu ojú, kí ó sì yé òǹkàwé. Èkejì ni títẹ ìwé náà gan-an. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀kan láìmọ èkejì yóò máa fa wàhálà fún ara rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, ẹni tí ń to ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọ̀ ẹ̀yìn ìwé kọjá etí bébà ní mìlímítà mẹ́ta, nítorí pé ọ̀bẹ tí ń gé bébà lè yẹ̀ díẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, funfun tín-ín-rín yóò yọ létí ìwé, oníbàárà yóò sì kọ̀ ọ́.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bá Ọ̀gá lọ sí Ṣómólú ni wọ́n fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá hàn mí, èyí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Jámánì. Ilẹ̀ Jámánì náà ni Alois Senefelder ti ṣàwárí ọgbọ́n rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1796, ọgbọ́n náà kò sì ju pé òróró àti omi kì í bára wọn rẹ́ lọ. Pílétì kan wà tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀ fẹ́ràn òróró. Ibi tí kò sí ọ̀rọ̀ fẹ́ràn omi. Bí omi bá kọjá lórí rẹ̀, tí yíǹkì olóròóró sì tẹ̀ lé e, yíǹkì yóò lẹ̀ mọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìkan. Pílétì yóò gbé yíǹkì náà fún rọ́bà, rọ́bà yóò sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ aláwọ̀, ìgbà mẹ́rin ni bébà yóò gba yíǹkì: sáyáànì, màjẹ́ńtà, yẹ́lò àti dúdú. Gbogbo àwọ̀ tí a ń rí lára kàlẹ́ńdà, inú mẹ́rin yìí ni wọ́n ti ń jáde.

Ohun tí ó kọ́kọ́ rú mi lójú jù ni títo ojú ìwé. Ẹ jẹ́ kí á mú ìwé ètò ìsìnkú olójú 16. Bébà A4 mẹ́rin ni a ó ká sí méjì-méjì, tí a ó kó sínú ara wọn, tí a ó sì fi pín-ìnnì kàn wọ́n láàárín. Ojú 1 kò ní í wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú 2 lórí bébà náà. Ojú 16 ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú 2 àti ojú 15 yóò sì wà lẹ́yìn wọn. Ọ̀gá ní kí n máa ro wọ́n pọ̀. 1 àti 16 jẹ́ 17. 2 àti 15 jẹ́ 17. 8 àti 9 tí wọ́n wà láàárín gbùngbùn jẹ́ 17. Bí àròpọ̀ kan bá yàtọ̀ sí 17, ìwé ti dàrú. N kò mọ̀ nígbà náà pé ìṣirò yìí ni yóò yọ mí nínú ẹ̀tẹ́ láìpẹ́.

Ní oṣù keje ọdún náà, àwọn ọmọ bàbá àgbàlagbà kan tí ó kú nítòsí wa gbé iṣẹ́ ìwé ètò ìsìnkú wá. Ẹ̀dà 300 ni wọ́n fẹ́. Tíṣà àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó jẹ́ àbúrò olóògbé, ni ó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ wọn mọ́ tónítóní: gbogbo ẹ, ọ àti ṣ ni wọ́n fi àmì sí nísàlẹ̀, gbogbo ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni wọ́n sì fi sí ipò wọn. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i. Mo ní, èyí ni ẹni tí wọ́n kọ́ ní Yorùbá.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ-ọmọ olóògbé ti rí irú lẹ́tà kan lórí fóònù, èyí tí ó wé ìrù bí ìtàkùn, òun ni wọ́n sì fẹ́. Mo tẹ ọ̀rọ̀ náà tán, mo yí i sí irú lẹ́tà yẹn. Ojú ìwé bá kún fún àpótí kéékèèké. Níbi tí ó yẹ kí ẹ wà, àpótí ni. Níbi tí ó yẹ kí ọ wà, àpótí ni. Àmì ohùn sì fò kúrò lórí lẹ́tà tirẹ̀, ó lọ jókòó sórí ti ẹlòmíràn. Aago 11 alẹ́ ti lù. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni Ọ̀gá fẹ́ gbé iṣẹ́ náà lọ sí Ṣómólú. Mo wò ó lọ, mo wò ó bọ̀. Mo bá yọ gbogbo àmì náà kúrò, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá yóò kà á.

Ọjọ́rú ni ìwé náà dé láti Ṣómólú, ìsìnkú sì di ọjọ́ Ẹtì. Ó dán, ó wuyì, àwòrán olóògbé sì jáde dáadáa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni a gbọ́ ariwo lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọbìnrin olóògbé kan ni, ẹni tí ó ti lé ní 50 ọdún, tí ó ń ṣòwò àgbọn. Ìwé náà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ṣí i sí ojú 15, níbi tí ìdúpẹ́ wà. Wọ́n ní, 'Ta ni ó kọ èyí? Ẹ kà á fún mi!'

Ohun tí tíṣà kọ ni pé: 'Ẹ̀yin ẹbí wa, a dúpẹ́ púpọ̀ fún ọ̀wọ̀ tí ẹ fi wọ bàbá wa.' Ohun tí mo tẹ̀ ni: 'Eyin ebi wa, a dupe pupo fun owo ti e fi wo baba wa.' Ohun tí ọmọbìnrin olóògbé sì kà ni pé wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹbí fún owó tí wọ́n fi wo bàbá. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ tún un kà. Kò sí lẹ́tà kan níbẹ̀ tí ó sọ pé irọ́ ni wọ́n kà.

Ọdún méjì ni olóògbé fi ṣàìsàn. Ọmọbìnrin yìí nìkan ni ó ń sanwó oògùn àti ti ilé ìwòsàn. Owó òwò àgbọn wọn tán sórí rẹ̀, wọ́n yá owó lé e, nígbà tí àwọn ẹbí kàn ń wá kí aláìsàn, tí wọ́n ń gbàdúrà, tí wọ́n sì ń lọ. Wọ́n ní, 'Èwo nínú wọn ni ó mú kọ́bọ̀ wá? Ẹ dárúkọ ẹyọ kan! Ẹ wá kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ni wọ́n wo bàbá mi. Bí ẹ bá pín ìwé yìí lọ́jọ́ Ẹtì, n kò ní í débẹ̀.' Omi ń bọ́ lójú wọn bí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Kò pẹ́ tí tíṣà àgbà náà fi dé. Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Tíṣà ní kí á dìde. Wọ́n gba ìwé náà, wọ́n kà á, wọ́n sì bèèrè jẹ́jẹ́ pé, 'Ta ni ó tẹ̀ ẹ́?'

Mo ní, 'Èmi ni, sà.'

Wọ́n ní, 'Ṣé o kàwé?'

Mo ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Yunifásítì ni mo wà.'

'Kí ni ò ń kọ́ níbẹ̀?'

Ó pẹ́ kí n tó lè dáhùn. Mo ní, 'Yorùbá ni, sà.'

Wọn kò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n kàn wò mí títí, wọ́n ní, 'Yorùbá?' Wọ́n sì gbé ìwé náà lé tábìlì.

A kò lè padà sí Ṣómólú mọ́. Àkókò kò sí. Ìgbà náà ni ìṣirò 17 dé. Ojú 15 àti ojú 2, ojú 16 àti ojú 1, bébà kan ṣoṣo ni ó gbé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí ni pé bí a bá tú pín-ìnnì ìwé kọ̀ọ̀kan, tí a yọ bébà ìta yìí, tí a sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀, àwọn bébà mẹ́ta tí ó kù àti èèpo ìwé kò ní í bàjẹ́. Bébà 300 péré ni a nílò, kò tó rìímù kan, nítorí pé 500 ni bébà inú rìímù. Dúdú nìkan ni inú ìwé náà, nítorí náà ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì wa lè tẹ̀ ẹ́. Mo wá irú lẹ́tà mìíràn tí ó mọ èdè wa, mo tún ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì wọn, mo sì gbé e lọ sílé tíṣà ní aago 10 alẹ́ kí wọ́n kà á kí a tó tẹ ẹyọ kan. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n rí àṣìṣe méjì sí i. Ọ̀gá, èmi àti ìyàwó wọn ni a jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́ tí a ń tú ìwé, tí a sì ń kàn án padà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọmọbìnrin olóògbé padà wá. Wọ́n ṣí ojú 15, wọ́n kà á sókè: 'ọ̀wọ̀ tí ẹ fi wọ bàbá wa.' Wọ́n tún un kà lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní, 'Ọ̀wọ̀ ni wọ́n mú wá lóòótọ́.' Wọn kò rẹ́rìn-ín, wọn kò sì bínú. Wọ́n gbé páálí ìwé náà lọ. Mo gbọ́ pé wọ́n débi ìsìnkú ní ọjọ́ Ẹtì. Ní ti bébà 300 tí a yọ, oṣù méjì ni a fi ń fi wọ́n nu yíǹkì lára ẹ̀rọ. Lójoojúmọ́ ni mo ń rí 'owo' mi.

Mo sọ fún Ọ̀gá pé kí wọ́n yọ owó bébà náà nínú owó oúnjẹ mi. Wọ́n ní, 'Ọmọ Yunifásítì, ojú rẹ ni mo fẹ́, kì í ṣe owó rẹ. Láti òní lọ, iṣẹ́ Yorùbá kankan kò ní í jáde níbí bí o kò bá kà á.' Wọ́n sì tún sọ ohun kan tí n kò gbàgbé. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, wọ́n mọ̀ pé nǹkan wà lórí àti lábẹ́ lẹ́tà Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn rí. Ọ̀gá tiwọn ní Ṣómólú a máa yọ ọ́ dànù ni. Ẹni tí ó lè sọ fún yíǹkì pé kí ó pọ̀ tàbí kí ó dínkù nípa wíwò lásán, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín owó àti ọ̀wọ̀ lórí ìwé. Èmi tí mo sì mọ ọ́n, mo fọwọ́ ara mi pa á rẹ́. Ta ni ó jẹ̀bi jù nínú àwa méjèèjì?

Mo wádìí ohun tí ó fa àpótí kéékèèké yẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní kúkúrú, nítorí yóò wúlò fún ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yín. Nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ètò kan tí wọ́n ń pè ní Unicode. Ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ́ tí ó ní ohùn òkè kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà ẹ àti àmì ohùn ni a ń so pọ̀. Bí ẹni tí ó ya irú lẹ́tà kan kò bá ro ti èdè wa, kò ní í pèsè àyè tí àmì yóò jókòó sí. Ìwòsàn rẹ̀ kò le. Àwọn irú lẹ́tà tí wọ́n ro tiwa wà, bíi Charis SIL, Gentium àti Noto, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Bí a bá sì ń gbé iṣẹ́ lọ sí ilé ìtẹ̀wé mìíràn, kí a kọ́kọ́ sọ lẹ́tà di àwòrán, kí kọ̀ǹpútà tọ̀hún má baà fi irú lẹ́tà tirẹ̀ rọ́pò èyí tí a yàn.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà nìkan. Ìgbà tí mo padà sí yunifásítì ni mo tó wo ìtàn dáadáa, ó sì yà mí lẹ́nu pé agbègbè wa gan-an ni ó ti kọjá. Ní oṣù kìíní ọdún 1845 ni Samuel Ajayi Crowther, Henry Townsend àti Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ó ju ọdún kan lọ tí Crowther àti Townsend fi dúró níbẹ̀ kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó là fún wọn. Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ọdún 1843. Ọdún 1846 ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àwọn míṣọ́nnárì dé Kàlàbá. Ní ọdún 1854 ni Townsend gbé ti Abẹ́òkúta kalẹ̀, tí ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 3, oṣù kejìlá, ọdún 1859, Ìwé Ìròyìn jáde níbẹ̀ ní èdè Yorùbá, ó sì ń jáde títí di ọdún 1867 tí wàhálà Ẹ̀gbá àti àwọn òyìnbó fi dá a dúró.

Lẹ́tà òjé ni wọ́n ń lò nígbà náà. Ẹni tí ń to ìwé yóò máa ṣa lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú àpótí. Bí lẹ́tà tí ó ní àmì kò bá sí nínú àpótí náà, kò sí ohun tí ó lè ṣe. Àwọn àgbà jókòó ní Èkó ní ọdún 1875, Crowther sì wà lára wọn, láti fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ tún dé iwájú ìjọba kí wọ́n tó fọwọ́ sí ti ọdún 1974. Ọ̀mọ̀wé ní í ṣe òfin àkọtọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ atẹ̀wé ni òfin náà ti ń yè tàbí kú.

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́ kò bára wọn ṣọ̀tá nígbà náà. Ẹ wo Robert Campbell. Jàmáíkà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1829. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ atẹ̀wé kan kí ó tó di olùkọ́ ilé-ìwé. Ó wá sí ilẹ̀ Yorùbá, ó sì tẹ̀dó sí Èkó. Òun ni ó dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1863. Olùkọ́ ni, òǹkọ̀wé ni, atẹ̀wé sì ni. Kò sí ẹni tí ó bi í pé kí ni ó fẹ́ fi ìwé ṣe.

Nísinsin yìí, ọ̀nà méjì ni ènìyàn lè gbà kọ́ iṣẹ́ yìí. Ọ̀nà kìíní ni ti Ọ̀gá mi: kí á lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, kí á ṣe àdéhùn, kí á máa nu ẹ̀rọ, kí á máa gbé bébà, títí di ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù. Ọ̀nà kejì ni ilé-ìwé. Yaba College of Technology, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, ní ẹ̀ka ńlá kan fún iṣẹ́ ọnà, gíráfíìkì àti ìtẹ̀wé. Kaduna Polytechnic pẹ̀lú ń kọ́ni ní ìtẹ̀wé. Ọdún méjì ni ti ND, ọdún méjì ni ti HND, a sì máa ń lọ ṣiṣẹ́ láàárín wọn. Òfin sì ti wà láti ọdún 2007 tí ó gbé àjọ àwọn atẹ̀wé tí a ń pè ní CIPPON dìde. Ilé-ìwé a máa kọ́ni ní ìdí nǹkan. Ọ̀gá a sì máa kọ́ni ní bí ọwọ́ ṣe ń ṣe é. Ẹni tí ó bá rí méjèèjì ti ṣoríire. Síbẹ̀, nínú àwọn atẹ̀wé tí mo bá pàdé ní Aradagun àti ní Ṣómólú, èyí tí ó gba ọ̀nà kìíní àti èyí tí ó gba ọ̀nà kejì, n kò rí ẹnì kan tí wọ́n ti kọ́ ní àmì ohùn. Àyè tí ó ṣófo nìyẹn, àyè tiwa sì ni.

N kò ní í tàn yín pé owó wà níbẹ̀ bí iyanrìn. Iṣẹ́ òru ni. Eruku bébà wà níbẹ̀, òórùn yíǹkì wà níbẹ̀. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú bébà wa ti ń wá, nítorí pé àwọn ilé iṣẹ́ bébà tí ìjọba kọ́ sí Jebba, Iwopin àti Oku-Iboku kò lè bọ́ wa. Nítorí náà, bí dọ́là bá gbéra, bébà náà yóò gbéra. Fóònù ti gba ìwé ìpè ìgbéyàwó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ atẹ̀wé. Ṣùgbọ́n lórí fóònù náà, ẹnì kan ni yóò to ọ̀rọ̀, ẹnì kan ni yóò fi àmì sí i. Láti ìgbà tí mo ti padà sí kíláàsì, Ọ̀gá àti àwọn atẹ̀wé méjì mìíràn ní Ṣómólú ni wọ́n ń fi iṣẹ́ Yorùbá ránṣẹ́ sí mi kí n kà á kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Iye kékeré ni wọ́n ń san lórí ojú ìwé kan, ṣùgbọ́n òun ni mo fi ra gbogbo ìwé tí mo lò ní ọdún yìí.

Mo bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí á má fi ọ̀rọ̀ yìí mọ sórí ìwé. Kí á kọ àtẹ álífábẹ́ẹ̀tì wa pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí á sì pín in fún àwọn ilé ìtẹ̀wé tí wọ́n yí yunifásítì wa ká. Ọ̀kan ti wà lára ògiri Ọ̀gá mi láti ọdún 2022. Wọ́n sì ti ní kí n bá àwọn àgbà Ògù ṣe irú rẹ̀ fún èdè tiwọn, nítorí ìyà kan náà ni ó ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ atẹ̀wé. Kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ sì máa lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tí kò bá tilẹ̀ fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ṣe yóò mọ ìdí tí olùkọ́ fi ń fi yíǹkì pupa yí àmì ohùn po nínú ìwé ìdánwò rẹ̀.

Ní ọdún Kérésìmesì tí ó kọjá, àlejò kan tún bèèrè lọ́wọ́ mi nílé pé kí ni mo fẹ́ fi Yorùbá ṣe. Kí n tó la ẹnu, bàbá mi ti dáhùn. Wọ́n ní, 'Àwọn atẹ̀wé kì í tẹ ìwé kí ó tó kà á.' Wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ padà sí ti ọ̀wọ́n epo.

Èmi ni ẹgbẹ́ wa ní kí n to ìwé àtìgbàdégbà ti ọdún yìí. Mo ti ka ojú kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹlòmíràn sì ti kà á lẹ́yìn mi. Bí ẹ bá rí àmì kan tí ó ṣìnà, ẹ má ṣe sọ pé ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò kà á. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, ẹ sì wá fi hàn mí. Ire o.